Ẹyẹ Òkun, Ẹyẹ Okùn

Orí àkàbà ni Taoheed wà, búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, ọ̀dà búlúù ní imú àti ní etí, nígbà tó kọ́kọ́ rí ọmọbìnrin tó ń fi òun rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin náà jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn tó ń dúró de ẹrù ní ibùdókọ̀ kan ní Jíbówú. Aṣọ aláwọ̀ ìyeyè ló wọ̀, oòrùn àárọ̀ sì ti sọ aṣọ náà di iná. Ó fi ìwé bo ẹnu, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ ń mì. Ògiri tí Taoheed ń kọ̀wé sí ló tẹjú mọ́. Ó ka ohun tó wà níbẹ̀, ó wo Taoheed, ó tún un kà, ẹ̀rín tún gbé e.

Taoheed wo ògiri náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò rí àléébù kankan. Lẹ́tà rẹ̀ tò bí ọmọ iléèwé lórí ìlà: OKO IBADAN WA NIBI LOJOOJUMO.

"Àǹtí, ẹ̀rín yín ti pọ̀ jù," ló sọ láti òkè. "Ṣé ọ̀dà wà ní imú mi ni?"

"Ọ̀dà wà ní imú yín, àmọ́ kì í ṣe òun ni mo ń rín." Ọmọbìnrin náà dìde, ó wá sí ìdí àkàbà. "Ẹ jọ̀ọ́, Ẹ̀gbọ́n, ọkọ Ìbàdàn tí ẹ ní ó wà níbí lójoojúmọ́ yìí, ṣé ó ti níyàwó nílé?"

Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yé Taoheed. Ọkọ̀ ni wọ́n ní kó kọ. Kò sí àmì lókè, kò sí àmì nísàlẹ̀, ó ti fi ọkọ lọ̀ gbogbo èrò. Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì gbọ́, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin kan tó gbọ́mọ pọ̀n ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n bá òun mú méjì sílẹ̀ fún àwọn àbúrò òun.

Kí ojú má baà ti Taoheed tán, ó ní, "Àǹtí, ti Ìbàdàn ti tán. Ti Mushin ló kù, òun ló wà lórí àkàbà yìí."

"Háà!" Ọmọbìnrin náà pàtẹ́wọ́. "Kó kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ ná, kó wá wẹ imú."

Tiwalọlá lorúkọ rẹ̀. Yàrá kan ló háyà ní Yábàá, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kí ó máa kọ ìwé ìtàn Yorùbá fún àwọn ọmọdé. Taoheed ní tirẹ̀, ọmọ Pápá Àjàó ní Mushin ni. Àtìgbà tó ti parí iléèwé gírámà ló ti ń kọ̀wé sára ògiri, tó ń ya ojú àwọn ènìyàn sára pátákó ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Kí ẹrù Tiwalọlá tó dé lọ́jọ́ yẹn, àmì ti wà lórí gbogbo lẹ́tà tó yẹ, nọ́ńbà Taoheed sì ti wà nínú fóònù rẹ̀. Ó ní òun ń wá ẹni tí yóò bá òun yàwòrán. Bóyá òótọ́ ni, bóyá àwáwí ni, Ọlọ́run tó rí ọkàn ló mọ̀.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ wọlé. "E kaaro o. Jowo ba mi ya eye okun meji fun eyin iwe tuntun. Okan n fo, okan duro. E ma lo awo to po."

Taoheed kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹyẹ okùn. Ó rántí bí òun àti àwọn ẹgbẹ́ òun ṣe máa ń so okùn mọ́ ẹsẹ̀ ẹyẹ ẹ̀gà ní kékeré, tí wọ́n á máa sá tẹ̀lé e. Ìtàn ìyẹn ni yóò jẹ́, ló wí nínú ara rẹ̀. Kò bi í léèrè, nítorí kò fẹ́ kí òun tún dà bí ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá.

Ẹyẹ funfun méjì ló yà. Lékeléke ni wọ́n jọ, torí òun ni ẹyẹ funfun tó mọ̀ jù. Okùn ló wá dà á láàmú. Kò mọ ibi tí yóò so ìdí rẹ̀ mọ́. Ó ya òpó, ó pa á rẹ́. Ó ya ọwọ́ ènìyàn, ọwọ́ náà jọ ti ọlọ́pàá, ó pa ìyẹn náà rẹ́. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, ó fi ìdí okùn náà sẹ́nu ẹyẹ tó dúró. Ọ̀kan ń fò, okùn ń bẹ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Èkejì dúró sílẹ̀, ó fẹnu di okùn náà mú. Nígbà tó parí rẹ̀, òun alára jókòó, ó ń wò ó.

Ó gbé e lọ sí Yábàá lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé. Tiwalọlá ṣí i ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè níbi tí wọ́n ń sá aṣọ sí. Ó wò ó títí. Lẹ́yìn náà ló fọwọ́ gbá itan.

"Taoheed, kí lèyí?"

"Ẹyẹ okùn méjì. Ọ̀kan ń fò, ọ̀kan dúró."

"Òkun! Òkun ni mo wí! Omi oníyọ̀! Ẹyẹ tó ń fò lórí òkun!" Ẹ̀rín pa á títí ó fi jókòó sílẹ̀. "O wá so wọ́n lókùn bí àgbò iléyá!"

Taoheed náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó yọ fóònù rẹ̀ síta, ó gbé àtẹ̀jíṣẹ́ náà sí i lójú. "Àǹtí Àmì-Ohùn, ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ gbé àmì tiyín sí lọ́jọ́ yìí?"

Tiwalọlá kà á. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó fi aṣọ bojú. "Ó dáa. Ẹni tó ń fi ọkọ̀ ṣe ọkọ ti gbẹ̀san."

Ó wá ṣàlàyé ìwé náà fún un. Ìtàn ẹyẹ òkun káàkiri ayé ló ń kó jọ. Ní ìlú òtútù kan, wọ́n ní ọkàn àwọn atukọ̀ tó kú sómi ló ń di ẹyẹ náà, ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kì í fi sọ ọ́ lókò. Ibòmíràn, ẹni tó bá ti rìn lójú omi títí tó rí i, ẹkún ayọ̀ ló máa ń sun, torí ilẹ̀ ti sún mọ́. Àwọn kan ní olè ni, àwọn kan ní ìyá tó ń wá ọmọ rẹ̀ ló ń ké bẹ́ẹ̀. Àwọn òǹkọ̀wé ìsinsìnyí fẹ́ràn láti fi ṣe àpẹẹrẹ ẹni tí kì í gbélé, ẹni tí kò sí ohun tó dè é mọ́lẹ̀.

"Àwa ńkọ́?" ni Taoheed bi í. "Àwa tí òkun wà lẹ́nu ọ̀nà wa?"

"Mo béèrè títí. Èmi ò tíì rí ẹni tó ní ìtàn rẹ̀. Gbogbo ìtàn ẹyẹ funfun tí mo gbọ́, ti lékeléke ni, òun làwọn ọmọdé ń na èékánná sí pé kó sọ ọ́ di funfun. Bóyá ẹni tí kì í dúró kì í ní ìtàn lọ́dọ̀ wa."

"Nínú gbogbo wọn, èwo ni tìẹ?"

Tiwalọlá gbé àwòrán náà lé itan. Ó wá ní bàbá òun, Alàgbà Christopher, ló ṣe kúùkù nínú ọkọ̀ òkun fún ọgbọ̀n ọdún. Oṣù mẹ́jọ, oṣù mẹ́wàá, wọn ò ní wálé. Gbogbo lẹ́tà tí wọ́n bá kọ ni wọ́n máa ń ya ẹyẹ òkun kékeré sí nísàlẹ̀. Salome, ìyá òun, á ka lẹ́tà náà tán, á wá fi ìka pa ẹyẹ náà lórí bí ẹni ń pa orí ọmọ. Ìyá òun kú ní Sùúrùlérè nígbà tí bàbá òun wà lójú omi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìsìnkú ni wọ́n tó dé. Wọn ò padà sójú omi mọ́ látìgbà náà.

"Mo fẹ́ mọ irú ẹyẹ tí bàbá mi jẹ́," ni Tiwalọlá wí. Taoheed na ọwọ́ láti gba àwòrán náà padà, kó lọ tún un yà, ṣùgbọ́n Tiwalọlá gbé e sápá òsì. "Ṣe tuntun wá. Èyí, fi sílẹ̀ fún mi."

Wọ́n jọ lọ sí etíkun lọ́jọ́ kan, kí Taoheed lè fojú rí ohun tó ń yà. Wọn ò rí nǹkan kan. Apẹja kan tó ń tún àwọ̀n ṣe sọ fún wọn pé ìgbà ọyẹ́ ni àwọn ẹyẹ náà ń wá, pé wọ́n á bà lé ọkọ̀ bí onílé, wọ́n á sì lọ láìdágbére. Wọ́n jẹ ẹja yíyan, wọ́n padà. Nígbà tí bọ́ọ̀sì wọn dé Costain, Tiwalọlá ti sùn lé Taoheed léjìká, Taoheed ò sì mí dáadáa títí tí wọ́n fi sọ̀, kó má baà jí i.

Látìgbà náà ni Tiwalọlá ti ń pè é ní Ọkọ Mushin. "Ọkọ Mushin, ṣé o ti jẹun?" "Ọkọ Mushin, aago mélòó lo máa kírun tán, kí n lè gbé omi kaná?" Tí Tiwalọlá bá sì dorí kodò nídìí iṣẹ́, Taoheed á kì í ní Àṣàkẹ́: "Àṣàkẹ́ mi, ìyeyè tó mọ́lẹ̀ ní Jíbówú, a-rẹ́rìn-ín-mú-ọkùnrin-já-lákàbà." Tiwalọlá á ní irọ́ ni, àkàbà náà dúró gbọn-in. Taoheed á ní ẹsẹ̀ òun ni kò dúró.

Oṣù kẹjọ ni wọ́n lọ rí Alàgbà Christopher ní Sùúrùlérè. Bàbá náà gba Taoheed tọwọ́tẹsẹ̀. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n se ìrẹsì, wọ́n bu ẹran tó pọ̀ sí i fún un, wọ́n sì sọ fún un pé kò sí nǹkan tí ẹ̀sìn rẹ̀ kọ̀ nínú ọbẹ̀ náà. Ó jẹun tán, wọ́n kó abọ́, wọ́n wá jókòó.

"Taoheed, bàbá ẹ ńkọ́? Ìyàwó mélòó ni wọ́n ní?"

"Méjì ni, sà."

"O ṣeun tí o ò parọ́. Ìyá ẹ ńkọ́?"

"Ìyá mi ni ìyálé, sà."

Alàgbà Christopher mi orí. "Ọmọ mi, gbọ́. N kò bá ẹ̀sìn ẹ jà. Ọ̀rẹ́ mi tó sún mọ́ mi jù nínú ọkọ̀, Mùsùlùmí ni, abọ́ kan náà la fi ń jẹun. Èmi ò fẹ́ ìyàwó méjì láyé mi, àmọ́ òkun ni ìyàwó kejì mi. Mo mọ ohun tí dídúró de ọkùnrin ń ṣe lára obìnrin, torí èmi ni mo ṣe é fún Salome. Mi ò ní fa ọmọ kan ṣoṣo tí mo ní fún ẹni tó láṣẹ láti sọ fún un lọ́jọ́ kan pé, sún sápá kan, ẹlòmíì ń bọ̀."

"Dádì!" ni Tiwalọlá ké.

"Jẹ́ kó dáhùn."

Taoheed ṣí ẹnu. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó sọ ò ṣòro: mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀, sà. Ó wà lórí ahọ́n rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó rí ojú bàbá rẹ̀ nínú ọkàn, ó sì rí ti ìyá rẹ̀.

"Ẹ fún mi láyè, sà. Kí n rò ó."

Níwájú géètì ni Tiwalọlá ti yíjú sí i. Omi ti kún ojú rẹ̀. "Ríronú! O ní láti lọ ronú bóyá èmi nìkan tó ọ?"

"Tiwa, mi ò fẹ́ fi ẹnu ṣe ohun tí mi ò tíì fi ọkàn ṣe. Bí mo bá sọ ọ́ kí n lè rí ẹ fẹ́, irọ́ ló jẹ́, kódà bí mo bá mú un ṣẹ."

"Ó dáa. Máa lọ. Mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń dúró de ènìyàn, wọ́n kọ́ mi nílé." Ó ti géètì.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, Tiwalọlá kò gbé fóònù rẹ̀. Gbogbo lẹ́tà tí Taoheed kọ sára ògiri láàárín ìgbà yẹn ló wọ́. Lọ́jọ́ kan lẹ́yìn ìrun alásàrí, ó lọ jókòó ti ìyá rẹ̀, Sìmíátù, lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ ní Pápá Àjàó, níbi tó ti ń ká òwú tó ń tà fáwọn aránṣọ. Ó rò fún un, kò fi nǹkan kan pamọ́.

Sìmíátù ká òwú náà títí ó fi tán kó tó sọ̀rọ̀.

"Àkànní, ọdún mọ́kànlélógún nìyí tí bàbá ẹ ti fẹ́ ìyàwó mi. Wọn ò febi pa mí rí. Wọn ò gbọ́wọ́ sókè sí mi rí. Èmi àti ìyàwó mi kì í jà, o mọ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ ìró ẹsẹ̀ wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí. Tí wọ́n bá ti dé ibi ìkòkò omi yẹn, mo ti mọ̀ bóyá ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń bọ̀ àbí wọ́n ń kọjá. Ọdún mọ́kànlélógún. Mo ṣì ń fetí sílẹ̀."

Taoheed wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà títí dé ibi ìkòkò omi. Gbogbo ayé rẹ̀ ló ti ń rìn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn.

"Ọlọ́run gba ọkùnrin láyè," ni ìyá rẹ̀ wí. "Kò ní ó di dandan. Àmọ́ ìlérí tí o bá ṣe lórúkọ Rẹ̀, kò sí ẹni tó máa bá ẹ gbà á padà. Lọ gbàdúrà kó o tó la ẹnu ẹ."

Ọjọ́ méje ló fi jókòó sórí ẹní lẹ́yìn ìrun àsùbáà. Kò béèrè bóyá òun máa rí Tiwalọlá fẹ́. Ohun tó béèrè ni irú ìró ẹsẹ̀ tí òun fẹ́ ní nínú ilé ara òun. Lọ́jọ́ keje, ọkàn rẹ̀ tutù.

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni Alàgbà Christopher lọ kí ọmọ wọn ní Yábàá, wọ́n sì bá àwòrán kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn rẹ̀.

"Ta ló so ẹyẹ òkun lókùn?"

"Taoheed ni. Àṣìṣe ni, sà. Èmi ni mi ò fàmì sí i."

Wọ́n gbé e sún mọ́ fèrèsé. "Èyí tó dúró ló di okùn mú," ni wọ́n sọ nígbà tó pẹ́. "Gbogbo ọdún yẹn, mo rò pé kò sí ohun tó dè mí. Gbogbo ibi tí mo fò dé, Salome ló ń fi ẹnu di mí mú. Ẹnu yẹn á ti ro ó." Wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì ọmọ wọn, wọ́n sunkún, ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tí Salome ti kú nìyẹn. Nígbà tí wọ́n nujú tán, wọ́n ní, "Pe ọmọ yẹn. Sọ fún un pé kó mú àwọn òbí rẹ̀ wá. N kò tíì gbà o. Mo kàn fẹ́ gbọ́ èsì tó lọ rò."

Tiwalọlá pè é. "Ọkọ Mushin," ló wí, ó sì jíṣẹ́ bàbá rẹ̀. Taoheed ní òun ń bọ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn tí Alàgbà Christopher dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, Taoheed wọlé pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àti bàbá rẹ̀, Alhaji Ṣítù, tó wọ agbádá funfun. Wọ́n kíra, wọ́n mu omi, wọ́n bára wọn sọ̀rọ̀ Mushin àtijọ́. Taoheed wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Wọ́n ní kó dìde, ó kúnlẹ̀, kò nàró. Orí ìkúnlẹ̀ ló ti sọ̀rọ̀.

"Ẹ bi mí ní ìbéèrè kan lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wá, sà. Níwájú Ọlọ́run tí gbogbo wa ń sìn àti níwájú àwọn òbí mi, Tiwalọlá nìkan ni n ó fẹ́. Yálà a bímọ tàbí Ọlọ́run kò fún wa, yálà a lówó tàbí a ò ní, n kò ní mú obìnrin mìíràn wọlé bá a. Ìgbàgbọ́ mi kò ní yí padà, n kò sì ní ní kó yí tirẹ̀. Mo ti béèrè lọ́wọ́ Alfa wa, wọ́n ní ọkùnrin lè fi ìlérí de ara rẹ̀. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀, mo ti fọwọ́ sí i."

Tiwalọlá wo Alhaji Ṣítù, ẹ̀rù bà á, torí ojú baba náà ti le. Ta ni kò mọ̀ pé irú ìlérí bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọmọ lè dà bí èébú létí bàbá tó níyàwó méjì?

"Ṣé èmi lo ń bá wí?" ni Alhaji Ṣítù béèrè, ohùn wọn wálẹ̀.

"Rárá, Bàbá mi. Ẹ tọ́ mi dáadáa. Èmi nìkan ni mo ń sọ̀rọ̀ lé lórí."

Baba náà yí ìlẹ̀kẹ̀ tẹsùbáà lọ́wọ́. Wọ́n wo Sìmíátù, tó tẹrí ba bí ìṣe rẹ̀. Wọ́n wò ó pẹ́, bí ẹni tó ń ka ohun tó ti wà lára ògiri tipẹ́ tí kò kà rí.

"Sìmíátù, ṣé irú nǹkan báyìí wù ọ́ gbọ́ rí?"

"Ó wù mí, Alhaji."

"O ò sọ fún mi."

"Ẹ ò bi mí."

Alhaji Ṣítù mí kanlẹ̀. Wọ́n kọjú sí Alàgbà Christopher. "Ọmọ mi ti sọ̀rọ̀, mo sì jẹ́rìí sí i. Bó bá yẹ̀ ẹ́, kí ẹ pè mí, èmi gan-an ni n ó bá a jà. Ẹ fún wa lọ́mọ yín."

Alàgbà Christopher dìde, wọ́n fa Taoheed dìde kúrò lórí ìkúnlẹ̀. Wọn ò tíì sọ̀rọ̀ tí Tiwalọlá fi kúnlẹ̀ síwájú gbogbo wọn, ojú rẹ̀ kún fún omijé, ẹ̀rín sì wà lẹ́nu rẹ̀.

"Èmi náà ní ìlérí tèmi o. Taoheed, mi ò ní jókòó sínú ilé máa dúró dè ọ́. Bí o bá pẹ́, n ó wọ bàtà mi, n ó wá ọ lọ."

"Kódà tó bá jẹ́ mọ́ṣáláṣí ni mo wà?"

"N ó dúró níta géètì, n ó máa pariwo orúkọ ẹ."

Ẹ̀rín gba ilé. Alàgbà Christopher fa ọwọ́ ọmọ wọn lé ọwọ́ Taoheed, wọ́n gbàdúrà ní orúkọ Jésù. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n ní kí Sìmíátù náà gbàdúrà. Ojú kọ́kọ́ ti Sìmíátù, torí ní gbogbo ibi àpèjọ tó ti bá Alhaji lọ, kò sẹ́ni tó ní kó ṣáájú àdúrà rí. Lẹ́yìn náà ló tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, ó sì gbé ohùn sókè, ohùn náà lágbára ju bí ẹnikẹ́ni nínú ilé náà ti rò lọ. Alhaji Ṣítù ló ń ṣe àmín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.